Oúnjẹ la máa kọ́kọ́ bá yí ni àbí owó? Ìdáhùn fún ẹni tó ń kọ ètò ìdínkù ìṣẹ́ àti ebi

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sínú ìgbìmọ̀ tó ń kọ ètò ọlọ́dún márùn-ún tí ìjọba orílẹ̀-èdè wa fẹ́ fi dín ìṣẹ́ kù, kí oúnjẹ sì lè kárí. Mo ka àwọn èyí tí wọ́n ti kọ ṣáájú, ó dà bíi pé wọ́n kàn ń da ọ̀rọ̀ ara wọn kọ ni. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa ní kí á kó gbogbo owó lé iṣẹ́ àgbẹ̀, pé bí oúnjẹ bá pọ̀, ebi á tán. Àwọn kan ní rárá, owó ni kí á fún mẹ̀kúnnù lọ́wọ́. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀? Kí la sì lè ṣe kí ìwé tiwa má baà di èyí tí eruku ń bò?"

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Àríyànjiyàn tó ń lọ nínú ìgbìmọ̀ yín ti wà tipẹ́, ẹ̀mí sì ti bá a lọ. Lọ́dún 1943, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso Íńdíà, ìyàn mú ní Bengal, ó pa tó mílíọ̀nù méjì sí mẹ́ta ènìyàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ rò ni pé oúnjẹ ló tán. Amartya Sen, ọmọ Íńdíà tó jẹ́ onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, tó wá gba ẹ̀bùn Nobel ní 1998, tú àkọsílẹ̀ ìgbà náà wò, ó sì rí i pé oúnjẹ tó wà ní Bengal ní 1943 pọ̀ ju ti 1941 lọ. Bẹ́ẹ̀ ìyàn kò mú ní 1941. Ogun ló ń lọ lọ́wọ́. Owó ìrẹsì fò sókè, owó iṣẹ́ àwọn alágbàṣe oko, àwọn apẹja àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kò bá a gòkè. Oúnjẹ ń bẹ lọ́jà, agbára láti rà á ni kò sí. Bákan náà ló rí ní Bangladéṣì ní 1974: ọdún tí ìyàn mú gan-an ni ìrẹsì pọ̀ jù lórílẹ̀-èdè náà láàárín 1971 sí 1975. Àmọ́ omíyalé ti gba iṣẹ́ oko lọ́wọ́ àwọn tí kò ní ilẹ̀ tiwọn, wọn ò sì rówó ra nǹkan kan.

Títí di òní, ọ̀rọ̀ ò tíì yí padà púpọ̀. Ìròyìn tí FAO, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, àti àwọn àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé mẹ́rin mìíràn gbé jáde ní 2025 sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 673 ènìyàn ni ebi pa ní 2024. Àwọn tí apá wọn ò ká oúnjẹ tó ṣara lóore tó bílíọ̀nù 2.6. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín méjèèjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ń rí nǹkan fi sẹ́nu, inú wọn ń kún, àmọ́ èso, ẹ̀fọ́, ẹyin àti ẹja kọjá ohun tí ọwọ́ wọn lè tó. Ọjà kò ṣófo fún wọn, àpò ló ṣófo.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn tó ní "bí oúnjẹ bá pọ̀, ebi á tán" gba ìgbìmọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Àmọ́ kí àwọn tó ní owó ni kí ẹ pín má tíì jó o. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, ìgbèríko ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tálákà ń gbé, oko ni wọ́n sì ti ń jẹ. Ohun tó bá pọ̀ lóko wọn ni owó wọn. Kí Vietnam tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ní 1986, àpapọ̀ ni wọ́n ń dáko, ìrẹsì wọn kò sì tó wọn jẹ. Ní 1988, ìjọba fi ilẹ̀ sábẹ́ àkóso agboolé kọ̀ọ̀kan, ó sì gbà kí wọ́n máa ta èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n bá kórè bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tó fi máa di 1989, Vietnam ti ń kó ìrẹsì tó lé ní mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ sókè òkun. Kò sẹ́ni tó pín owó fún àwọn àgbẹ̀ yẹn kí ọwọ́ wọn tó ròkè.

Ibi tí mo ń lọ rèé: ẹ jáwọ́ nínú "oúnjẹ ni àbí owó". Ohun tó yẹ kí ìgbìmọ̀ yín máa bi ara rẹ̀ ni pé: ta ni ebi ń pa, oṣù wo ló ń pa á, inú àpò wo nínú ìṣúná sì ni owó tí a máa fi gbà á sílẹ̀ wà? Ojú-ìwé tí kò bá dáhùn ọ̀kan nínú rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Iléeṣẹ́ ìjọba kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Ebi wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ìṣẹ́ wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìgbé-ayé aráàlú tàbí ti ètò ìdàgbàsókè. Ìwé méjì, ìgbìmọ̀ méjì, olùrànlọ́wọ́ òkè òkun méjì. Àwọn ti àkọ́kọ́ ń ka tọ́ọ̀nù, àwọn ti èkejì ń ka orí. Ọ̀gá iṣẹ́ àgbẹ̀ lè sọ lọ́dún kan pé irè ti pọ̀ sí i, kí ọ̀gá kejì sọ lọ́dún kan náà pé àwọn aláìní ti pọ̀ sí i, kí òótọ́ sì wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá lè mú kí àwọn méjèèjì lo ìwé orúkọ kan náà, àti kàlẹ́ńdà kan náà, ẹ ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò tíì ṣe.

Mo mẹ́nu kan kàlẹ́ńdà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ mú agboolé kan tó ní oko tí kò tó hẹ́kítà kan. Wọ́n kórè, inú wọn dùn. Kò pẹ́, ẹni tó yá wọn lówó irúgbìn ti dé, owó ilé-ìwé ọmọ ti tó san, ẹnì kan nínú ilé sì dùbúlẹ̀ àìsàn. Gbogbo àdúgbò ló ń kórè lásìkò kan náà, gbogbo wọn ló ń tà, owó ọjà já wálẹ̀. Wọ́n ta èyí tó yẹ kí wọ́n jẹ. Oṣù márùn-ún sí mẹ́fà lẹ́yìn náà, àká ti gbẹ, irè tuntun ṣì wà lórí ìdúró. Wọ́n á wá padà sí ọjà yẹn kan náà, wọ́n á ra irú ohun tí wọ́n tà ní iye tó lè di ìlọ́po méjì. Kí wọ́n tó rí owó ọ̀hún, wọ́n á lọ ṣe alágbàṣe lóko ẹlòmíràn, lásìkò gan-an tó yẹ kí wọ́n máa ro tiwọn. Oko tiwọn á kún fún èpò, irè ọdún tó ń bọ̀ á sì kéré ju ti èyí lọ.

Àgbẹ̀ ni ẹni yìí o, síbẹ̀ ọ̀wọ́n oúnjẹ ń pa á lára, torí pé ohun tó ń rà lọ́dún ju ohun tó ń tà lọ. Mínísítà tó bá gbé owó orí oúnjẹ tó ń wọlé láti òkè òkun sókè "nítorí àwọn àgbẹ̀" lè máa fìyà jẹ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní òun ń ràn lọ́wọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan nípa góńgó, ẹ pín orílẹ̀-èdè yín sí ẹkùn, gẹ́gẹ́ bí òjò ṣe ń rọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń rí jẹ níbẹ̀, kí ẹ sì kọ oṣù tí àká ń gbẹ ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe ìkìlọ̀ nípa àìtó oúnjẹ ti ní irú àkọsílẹ̀ yìí ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Àwọn tó ń kọ ètò ni kì í sábàá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Etiópíà ló lo ọgbọ́n yìí dé ibi tó jìn jù. Kí 2005 tó dé, fẹ́rẹ̀ẹ́ ọdọọdún ni ìjọba ibẹ̀ ń ké gbàjarè sí ayé. Oúnjẹ ìrànwọ́ á dé nígbà tí àwọn ènìyàn ti ta màlúù àti ohun èlò oko wọn. Bẹ́ẹ̀ àwọn kan náà ni ebi ń pa ṣáá, ìbáà jẹ́ pé òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Ní 2005 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní PSNP: wọ́n kọ orúkọ agboolé tí àìtó oúnjẹ ti di bárakú fún, wọ́n sì ń fún wọn ní owó tàbí oúnjẹ fún oṣù mẹ́fà lọ́dún, ọdún dé ọdún, láì dúró de ìgbà tí àjálù máa ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá lágbára á ṣiṣẹ́ ìlú. Wọ́n ń fi òkúta mọ ògiri kéékèèké sára òkè kí ọ̀gbàrá má baà wọ́ ilẹ̀ lọ, wọ́n ń gbẹ́ adágún omi, wọ́n ń la ọ̀nà. Arúgbó, abirùn àti aboyún ń gba tiwọn láì ṣiṣẹ́. Nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún ènìyàn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó sì tó mílíọ̀nù mẹ́jọ lẹ́yìn náà. Àbùkù wà níbẹ̀: olùrànlọ́wọ́ òkè òkun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀, owó náà sì máa ń pẹ́ dé, pàápàá ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Owó tó bá fi oṣù méjì pẹ́ dé ilé tí àká rẹ̀ ti gbẹ, gbèsè ló máa bá níbẹ̀.

Ó dára, ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ ìwé tó ń da ọ̀rọ̀ ara wọn kọ. Ó ní ìdí. Ní oṣù Kẹsàn-án 1999, Báńkì Àgbáyé àti IMF, àjọ àgbáyé tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó, ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tálákà tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn kọ ìwé ètò ìdínkù ìṣẹ́ kí wọ́n tó lè rí ìdáríjì gbèsè gbà. Ohun tó dára wà nínú èrò náà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ni wọ́n kọ ìwé náà fún. Nígbà tí gbèsè kúrò, ìwé ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán. Àṣà ìkọ̀wé yẹn ló ṣẹ́kù sọ́wọ́ wa: orí kan fún obìnrin, orí kan fún ọ̀dọ́, orí kan fún àyíká, góńgó jàn-ànràn-jan-anran, kò sì sí ojú-ìwé kan tó sọ ohun tí a máa fi sílẹ̀ bí owó ò bá tó. Owó kì í sì í tó.

Ùgáńdà yàtọ̀ díẹ̀, torí pé tiwọn ti wà nílẹ̀ láti 1997, kó tó di dandan fún ẹnikẹ́ni. Ní 1998 wọ́n ya àpò kan sọ́tọ̀ nínú ìṣúná, wọ́n pè é ní Poverty Action Fund. Owó tí ìdáríjì gbèsè bá fi sílẹ̀, ibẹ̀ ló ń lọ: ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, omi, ìlera, ọ̀nà ìgbèríko, ìmọ̀ràn fún àgbẹ̀. Bí owó ìjọba bá já wálẹ̀ láàárín ọdún, ibòmíràn ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti gé e. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí gan-an, àmọ́ àpò nìkan kò tó. Nígbà tí wọ́n tọpasẹ̀ owó tí ìjọba Ùgáńdà fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láàárín 1991 sí 1995, yàtọ̀ sí owó-oṣù olùkọ́, nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 péré ló dé ilé-ẹ̀kọ́. Ìyókù wábi gbà lójú ọ̀nà. Ìjọba wá ń tẹ iye tó fi ránṣẹ́ sí àgbègbè kọ̀ọ̀kan jáde nínú ìwé ìròyìn, ó sì ní kí wọ́n lẹ iye náà síta ní ilé-ẹ̀kọ́ kí àwọn òbí lè kà á. Láàárín ọdún díẹ̀, iye tó ń dé ti kọjá ìdá 80. (Àwọn olùṣèwádìí ṣì ń jiyàn lórí bóyá ìwé ìròyìn nìkan ló ṣe é. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀, ìjọba tún ṣe àtúnṣe mìíràn lásìkò kan náà. Àmọ́ n ò ní torí ìyẹn yọ ọ́ kúrò nínú ètò yín, kò náni ní nǹkan kan.)

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí, kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ẹ gba ìwé ìṣúná ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ mú gbogbo ìlà tó jẹ mọ́ oko, oúnjẹ àti ìrànwọ́ fún tálákà, kí ẹ fi òpó mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: iye tí wọ́n fọwọ́ sí, iye tí wọ́n tú sílẹ̀, oṣù tí wọ́n tú u sílẹ̀, iye tí wọ́n ná. Òpó kẹta ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ohun tí mo sábà máa ń bá níbẹ̀ ni pé owó irúgbìn àti ajílẹ̀ jáde nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀, tí àgbẹ̀ ti gbìn tán. Kò sẹ́ni tó jí owó náà. Wọ́n rà á, wọ́n pín in, ìwé rẹ̀ pé, ayẹ̀wé-owó-wò wò ó, kò rí àléébù. Ṣùgbọ́n ajílẹ̀ tó dé lẹ́yìn ìgbà rẹ̀, inú yàrá ló ń sùn sí, tàbí kí wọ́n tà á sọdá ẹnubodè. Kí ló fà á? Ọdún ìṣúná àti ọdún òjò kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bí ilé aṣòfin bá fọwọ́ sí ìṣúná pẹ́, tí iléeṣẹ́ ìṣúná ní òun ń dúró de owó orí, tí yíyan agbaṣẹ́ṣe tún gba oṣù mẹ́ta, tí ọkọ̀ òkun gba méjì, ẹ ṣírò ibi tó já sí. Gbólóhùn kan nínú ètò yín tó ní kí owó ohun ọ̀gbìn jáde ní oṣù mẹ́fà ṣáájú òjò àkọ́kọ́, tí iléeṣẹ́ ìṣúná sì buwọ́ lù, wúlò ju odidi orí kan lọ lórí "àyípadà ńlá nínú iṣẹ́ àgbẹ̀".

Àwọn tó fẹ́ kí gbogbo owó lọ sí oko máa ń fa ìpinnu Maputo yọ, níbi tí àwọn olórí Áfíríkà ti ṣèlérí ní 2003 pé ìdá 10 nínú 100 ìṣúná wọn á máa lọ sí iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n tún un sọ ní Malabo ní 2014. Àwọn tó ń mú un ṣẹ lọ́dọọdún kò pọ̀. Èyí tó jẹ mí lógún jù ni ohun tó wà nínú ìdá 10 náà, torí Màláwì ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ní 2001 wọ́n ta fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àgbàdo tó wà nínú àká ìjọba. Irè kùnà, ìyàn mú ní 2002, àká ṣófo. Irè 2005 tún burú. Ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín kúpọ́ọ̀nù tí àwọn àgbẹ̀ kéékèèké fi ń ra ajílẹ̀ àti irúgbìn ní ẹ̀dínwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ òkè òkun kò fara mọ́ ọn nígbà náà. Irè 2006 àti 2007 pọ̀ débi pé wọ́n ta àgbàdo fún Zimbabwe, ayé sì yìn wọ́n. Lẹ́yìn náà ni owó ajílẹ̀ fò lókè lágbàáyé ní 2008, kúpọ́ọ̀nù sì wá ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó iléeṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù fún olùkọ́ àgbẹ̀, omi ìrinko àti ọ̀nà kò tó nǹkan.

Èmi kò sí lára àwọn tó ní ẹ̀dínwó ajílẹ̀ burú. Ibi tó ti ń dà rú ni pé wọn kì í kọ ọ́ sínú ètò láti ìbẹ̀rẹ̀ pé iye báyìí ni kò gbọ́dọ̀ kọjá, ìgbà báyìí ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ lọ́dún ìdìbò mọ ohun tó ń dúró dè é. Yíyọ ọ́ lójijì gan-an sì léwu: ní 2021, Sri Lanka fòfin de ajílẹ̀ oníkẹ́míkà láti òkè òkun láàárín òru kan, irè ìrẹsì já wálẹ̀, orílẹ̀-èdè tó ti ń bọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìrẹsì, wọ́n sì yí òfin náà padà kí ọdún tó parí.

Nǹkan kan tún wà nínú ìtàn Màláwì tí mi ò fẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lójú. Ìṣirò ìjọba ní oúnjẹ ṣẹ́kù, àmọ́ owó àgbàdo lọ́jà ń gòkè ní 2008. Bí irú ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ọjà ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹni tó ń ka irè lóko lè ṣì í kà, ó sì lè mọ iye tí ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ gbọ́. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra àgbàdo kò ní ìdí láti parọ́. Gbígba owó ọjà sílẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kò wọ́n, fóònù lásán tó o, kí ó wà nínú ètò.

Ibi tí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì inú ìgbìmọ̀ yín ti lè bọ ara wọn lọ́wọ́ ni Bràsíl. Ní 2003, ìjọba Ààrẹ Lula kéde pé òun fẹ́ kí ebi di òdo. Wọ́n kó oríṣiríṣi owó ìrànwọ́ pọ̀ sójú kan, wọ́n sọ ọ́ ní Bolsa Família, ìyá ilé ni wọ́n sì sábà máa ń san án fún. Ìwé orúkọ kan ṣoṣo, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti 2001, ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó tọ́ sí. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ìjọba ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké. Nígbà tó di 2009, wọ́n ṣòfin pé ó kéré tán ìdá 30 nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ fi ń bọ́ ọmọ ilé-ìwé gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó: ọmọ tálákà jẹun, àgbẹ̀ tálákà rí oníbàárà tí kì í sá, owó kan náà ló sì ṣe méjèèjì. Kò sí "oúnjẹ ni àbí owó" níbẹ̀ mọ́.

Ní 2014, FAO yọ Bràsíl kúrò nínú àwòrán ilẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí ebi ń jà. Àmọ́ ọrọ̀ ajé wọn dojú dé, wọ́n gé owó tí wọ́n fi ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ àgbẹ̀, ní oṣù Kín-ín-ní 2019 wọ́n sì fagi lé ìgbìmọ̀ tí aráàlú ti ń bá ìjọba jókòó lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Àrùn Kòrónà wá dé. Nígbà tó di 2022, wọ́n ti padà sínú àwòrán yẹn. Ìjọba dá ìgbìmọ̀ náà padà ní 2023, ó tún owó rẹ̀ ṣe, wọ́n sì tún kúrò níbẹ̀ ní oṣù Keje 2025. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí ni èyí tí kò wó láàárín ìgbà yẹn: oúnjẹ ilé-ìwé àti ìdá 30 rẹ̀, torí òfin ni. Èyí tó dúró lórí ojúure ìjọba ló kọ́kọ́ lọ. Íńdíà náà gba ọ̀nà òfin. Ti 2005 fún agboolé ìgbèríko ní ẹ̀tọ́ sí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ iṣẹ́ lọ́dún, ti 2013 fún nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè náà ní ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ oníhóró lóṣooṣù, kílò 5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ètò ọlọ́dún márùn-ún kò lè ṣòfin, àmọ́ ó lè sọ èwo nínú iṣẹ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ di òfin kí ọdún kejì tó parí.

Lórí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, mi ò ní pẹ́. Ebi tó ń pa ọmọ kí ó tó pé ọdún méjì kì í hàn lójú ọjà, ara ìdàgbàsókè rẹ̀ ló ń hàn. Ní Perú, nǹkan bí ìdá 28 nínú 100 àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni kò ga tó ọjọ́ orí wọn ní 2008. Ní 2016 ó ti di nǹkan bí ìdá 13. Iléeṣẹ́ ìṣúná fúnra rẹ̀ ló di ọ̀rọ̀ náà mú. Ó so owó mọ́ àbájáde: ẹkùn tó bá fi hàn pé òun ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí òun ń wọ̀n wọ́n bó ṣe yẹ, ló ń rí àfikún gbà, àwọn àgbègbè tó tálákà jù ni wọ́n sì kọ́kọ́ kọjú sí. Bí ẹ bá máa fi góńgó kan ṣoṣo sójú-ìwé àkọ́kọ́, èyí ni kí ẹ fi síbẹ̀ dípò iye tọ́ọ̀nù.

Àká ìjọba ńkọ́? Ó yẹ kó wà, kó má tóbi jù. Láti ìparí 2007 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2008, Íńdíà àti Vietnam dínà ìrẹsì tó ń jáde lọ́dọ̀ wọn, àwọn tó ń rà sì ń sáré rà kí ó tó tán. Owó rẹ̀ lágbàáyé di bí ìlọ́po mẹ́ta láàárín oṣù díẹ̀, bẹ́ẹ̀ irè ọdún náà kò burú. Ẹni tó gbára lé ọjà àgbáyé nìkan rí i. Ṣùgbọ́n àká ńlá ń jẹ owó, oúnjẹ ń bàjẹ́ nínú rẹ̀, olóṣèlú sì ń fi ṣe ọ̀rẹ́. Ẹ kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú: bí owó ọjà bá dé ibi báyìí, ẹ ṣí i, bó bá wálẹ̀ dé ibi báyìí, ẹ rà padà. FAO fojú bù ú pé nǹkan bí ìdá 14 oúnjẹ àgbáyé ló ń ṣòfò láàárín ìkórè àti ìgbà tó máa dé ọwọ́ alátùn-únta, nítorí náà àpò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ nínú ilé àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ lè ṣe ju ilé ẹrù ńlá kan lọ ní olú-ìlú.

Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dìbò lórí ẹgbẹ́ tó jàre. Ẹ ní kí àwọn tó ń jà fún oko mú orúkọ àwọn àgbègbè tí àgbẹ̀ ti ń ra oúnjẹ jẹ ju oṣù mẹ́ta lọ lọ́dún wá. Kí àwọn tó ń jà fún owó mú orúkọ àwọn àgbègbè tí owó ti lè dé ọwọ́ ènìyàn báyìí, yálà nípasẹ̀ báńkì tàbí fóònù, láì gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá. Àgbègbè tó bá wà nínú ìwé méjèèjì lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Kí ẹ sì pe ọ̀gá tó ń tú owó sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìṣúná sí ìpàdé náà. Òun fúnra rẹ̀ o, kì í ṣe aṣojú. Bí ọjọ́ yẹn kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ sún ìpàdé sí ọjọ́ tó máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn.